Omi Tí Kò Mu Nítorí Mi

Lọ́dún tí mo wọ yunifásítì, náírà mẹ́rin ni mo fi ra bàtà kánfáàsì funfun tí mo fi ń sáré, mo sì rò pé oníbàtà rẹ́ mi jẹ. Oúnjẹ ọ̀sán nílé oúnjẹ wa, ìrẹsì àti itan adìyẹ, kò ju àádọ́ta kọ́bọ̀ lọ, wọ́n á tún fi ọsàn kan lé e. Omi ńkọ́? Ta ló ń ra omi nígbà náà? Ẹ̀rọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, èèyàn á kàn tẹ orí ba, á fẹnu gbà á. Lónìí, bàtà tòkunbọ̀ tí mo rà ní àdúgbò Ṣàngó gba ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún náírà lọ́wọ́ mi lẹ́yìn tí mo ti ná an títí tó fi rẹ̀ mí, omi inú ọ̀rá kan sì ti di àádọ́ta náírà. N kò sọ èyí láti fi bú ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ń dá gbé nílé bíi tèmi, irú ọ̀rọ̀ báyìí ló máa ń bá ara rẹ̀ sọ nígbà tó bá ń so okùn bàtà.

Àwa mẹ́fà la jọ ń sáré nígbà náà. Ọ̀gá tó ń kọ́ wa gbà pé omi máa ń mú ẹsẹ̀ wúwo, ẹni tó bá sì mu omi kí eré tó parí, yóò tún un sá láti ìbẹ̀rẹ̀. A máa ń sáré lọ́sàn-án gangan, ètè wa á bó, a ó sì máa yangàn pé ọkùnrin ni wá. Mo ti kà á láti ìgbà náà pé irọ́ pátápátá ni ọ̀gá wa ń pa, pé Ọlọ́run ló kó wa yọ. Ṣùgbọ́n ohun téèyàn kọ́ lọ́mọ ogún ọdún kì í tètè kúrò lára.

Ìlọrin ni gbogbo wa padà sí, ibẹ̀ la sì ti ṣe iṣẹ́ ìjọba títí a fi fẹ̀yìn tì. Ìgbà yẹn la bẹ̀rẹ̀ sí í rìn papọ̀, ní àárọ̀ Túsìdeè àti Sátidé, láti iwájú ilé mi ní Adéwọlé títí dé ojú títì ńlá, ká tó ṣẹ́rí padà. Kì í ṣe ẹgbẹ́, a ò ní alága, a ò ní akọ̀wé. Nígbà tó fi máa di ọdún kẹjọ, èmi àti ẹnì kan péré ló kù lójú ọ̀nà.

Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni ẹni náà, Kìrìsítẹ́nì tó jẹ́ píríǹsípà kó tó fẹ̀yìn tì. Tanke ló ń gbé, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti háyà yàrá lọ́wọ́ rẹ̀. Mùsùlùmí lèmi, ilé àáfà ni wọ́n bí mi sí láàárín ìlú, ìdí nìyẹn tó fi ń pè mí ní Àáfà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé ìjọba ni mo fi gbogbo ayé mi kọ. Èmi náà ń pè é ní Píríǹsípà. Ìyàwó mi ti kú. Àwọn ọmọ mi wà níbi tí wọ́n wà. Bí Píríǹsípà kò bá wá, ó ṣeé ṣe kí n má gbọ́ ohùn ara mi láti Sátidé dé Túsìdeè.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, oṣù ààwẹ̀ bọ́ sí àkókò tí ooru mú jù lọ nínú ọdún. Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí oṣù lé nígbà tó bi mí pé:

"Àáfà, oṣù yín ti dé tán. Báwo la ṣe máa ṣe ìrìn wa?"

"Ká dá a dúró títí dìgbà ìtúnu ààwẹ̀."

"Oṣù kan gbáko? Orúnkún tèmi á ti di igi kí ẹ tó túnu! Rárá. Ká yí i sí ìrọ̀lẹ́. Tí o bá ti kírun àlàásàrì tán, ká rìn díẹ̀. Kó o tó délé, kó o tó wẹ̀, ìṣínu ti dé. Òùngbẹ ò ní pẹ́ lára ẹ."

Ó ti rò ó dáadáa, nítorí tèmi ló sì ṣe rò ó. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ òótọ́ fún un. N kì í gba ààwẹ̀ mọ́. Àtọ̀gbẹ ń bá mi jà, dókítà sì ti sọ fún mi pé oògùn tí mò ń lò kò ṣeé lò láìjẹun. Ẹ̀sìn fàyè gba aláìsàn bíi tèmi pé kó máa bọ́ aláìní kan lójoojúmọ́ dípò ààwẹ̀, mo sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Opó kan wà ládùúgbò àwọn bàbá mi tí mò ń fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí. N kò dẹ́ṣẹ̀ kankan. Ṣùgbọ́n ojú ń tì mí. Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ọmọdé àti aboyún nìkan ni wọ́n máa ń rí tó ń jẹun lọ́sàn-án oṣù náà. Mo máa ń fa kọ́tìnì kí n tó mu tíì, nínú ilé tí kò sí ẹlòmíràn ju èmi nìkan lọ. Ta ni mò ń sá pamọ́ fún? N kò mọ̀.

Ní ọjọ́ Túsìdeè kan tí ààwẹ̀ ti lọ sí ìparí, ooru mú débi pé èèyàn kò lè gbé ọwọ́ lé géètì mi. Ọyẹ́ ti lọ tipẹ́, òjò kò tíì bẹ̀rẹ̀, ewé igi máńgòrò tó wà ní ìta kò mì rárá. Kí n tó jáde, mo mu ife omi méjì ní kíṣíìnì. Mo wá fi aṣọ nu ètè mi, kó lè dà bí ètè ẹni tí kò fẹnu kan nǹkan láti òwúrọ̀.

Kẹ̀kẹ́ kan já Píríǹsípà sílẹ̀ láti Tanke. Táwẹ́ẹ̀lì wà lọ́rùn rẹ̀, báàgì kékeré kan wà ní èjìká rẹ̀.

"O kú ààwẹ̀, Àáfà. Wo bí ojú ẹ ti jìn! Ẹ rọra fìyà jẹ ara yín o."

"Ìwọ lo ń làágùn bí ẹni tó gbé sìmẹ́ńtì. Ṣé o mu omi kó o tó jáde?"

"Mo mu ún láàárọ̀. Tí mo bá mu ún kí n tó wọ kẹ̀kẹ́, ibi tí n ó tọ̀ sí ni n ó máa wá kiri. Ọ̀nà Tanke kì í ṣe ibi tí àgbàlagbà ti í sọ̀kalẹ̀ lọ tọ̀ sí gọ́tà lójú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀."

A rẹ́rìn-ín, a sì bọ́ sọ́nà. Bó ṣe máa ń ṣe, ó ń fi ìgbésẹ̀ kan ṣíwájú mi. Nígbà tí a dé oríta kejì, ọmọbìnrin kan ń ta omi tútù lábẹ́ agboòrùn. Mo ní kó ra ọ̀kan.

"Kí n wá máa mu omi níwájú ẹni tó ń gba ààwẹ̀? Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣiṣẹ́ nílùú yìí, Àáfà. Nínú oṣù yín, abẹ́ tábìlì ni gbogbo àwa tí kì í ṣe mùsùlùmí ní ilé ẹ̀kọ́ wa máa ń kó oúnjẹ sí títí a ó fi délé. Ìgbà tí mo wá darúgbó ni n ó wá máa hùwà ọmọ tí wọn ò kọ́?"

Mo la ẹnu. Òótọ́ náà ti dé orí ahọ́n mi. Ohun tí mo sọ ni pé, "Ó dáa, ká máa rọra rìn."

A rìn dé ojú títì ńlá, a ṣẹ́rí padà. Ó ti ń sọ̀rọ̀ àwọn ìdánwò tí a ṣe nígbà kan, ó wá dákẹ́. Mo ṣàkíyèsí pé orí ń fọ́ ọ, nítorí ó ń fi àtàńpàkò tẹ ìpéǹpéjú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó wo ẹ̀yìn, ó ní:

"Ṣé Oníṣirò ò bá wa lọ lónìí ni?"

Ọ̀kan nínú àwa mẹ́fà, tó kọ́ni ní ìṣirò títí ó fi fẹ̀yìn tì, ni à ń pè ní Oníṣirò. Ó ti kú láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Mo rò pé àwàdà ló ń ṣe, nítorí irú àwàdà bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí wa.

"Ó ṣì ń wẹ̀," ni mo dá a lóhùn.

"Sọ fún un kó yára," ló wí. Kò rẹ́rìn-ín.

Mo wojú rẹ̀. Òógùn tó bo iwájú orí rẹ̀ nígbà tí a jáde ti gbẹ, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ń rìn lọ sápá kan bí ẹni pé títì dagun. Kí n tó dì í mú, ó ti jókòó sí etí gọ́tà. Mo fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó gbóná bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Mo pè é, ó ń wò mí, kò dá mi mọ̀.

Obìnrin kan tó ń ta bàrà olómi àti ọ̀pẹ̀-òyìnbó fún àwọn tó fẹ́ ṣínu ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ju ọ̀bẹ sílẹ̀, ó sáré wá pẹ̀lú kúlà rẹ̀.

"Ẹ bá mi fà wọ́n sábẹ́ ibòji! Bàbá, ẹ bọ́ ẹ̀wù wọn! Ààwẹ̀ yìí ló mú wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú u, Ọlọ́run fàyè gbà á fún wọn."

"Kì í ṣe mùsùlùmí," ni mo wí.

Ó dáwọ́ dúró, ó wò mí. "Kí ló wá dé tí wọn ò mu omi?"

Mo bọ́ ẹ̀wù ọ̀rẹ́ mi. Obìnrin náà da omi yìnyín rẹ̀ sí i ní àyà, sí abẹ́ apá, sí ẹ̀yìn ọrùn, ó sì ní kí n máa fi páálí fẹ́ ẹ. Mo tú báàgì rẹ̀ láti wá fóònù kí n lè pe ọmọbìnrin rẹ̀. Lábẹ́ fóònù náà, ike omi kan wà, tó ti fi aṣọ wé kó má bàa gbóná. Ó kún dé ẹnu. Kò tíì já ìdérí rẹ̀.

Mo gbé e sẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n obìnrin náà gbá ọwọ́ mi. "Ẹ má rọ ọ́ sí wọn lọ́fun bẹ́ẹ̀ o! Wọn ò tíì mọ ibi tí wọ́n wà. Ó lè há wọn!" Ó pe kẹ̀kẹ́, òun fúnra rẹ̀ bá wa wọ̀ ọ́, ó fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ lójú títì, ó ń fi táwẹ́ẹ̀lì tútù nu ọ̀rẹ́ mi títí a fi dé ilé ìwòsàn. Mo dì í mú lápá kan. Mò ń sọ fún Ọlọ́run pé bó bá mú eléyìí lọ, kò ní sí ẹnikẹ́ni mọ́ tó mọ̀ mí nígbà tí mo lè sáré.

Wọ́n fa omi sí i lára. Ilẹ̀ ṣú kí nọ́ọ̀sì tó jáde wá bá mi ní bẹ́ǹṣì ìta.

"Ooru ló wọ bàbá lára kọjá agbára wọn, omi ara wọn sì ti lọ sílẹ̀ gan-an. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ń lò máa ń lé omi jáde lára. Àgbà kì í sì í tètè mọ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ òun. Ẹ̀yin náà, sà, kí ló gbé yín jáde ní irú agogo bẹ́ẹ̀? Àárọ̀ kùtù ló yẹ irú ìrìn yẹn, pẹ̀lú omi lọ́wọ́. Ṣé ẹ̀yin náà ti ṣínu?"

Mo ní mo ti ṣínu. Irọ́ kan sí i.

Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí n wọlé, ojú rẹ̀ ti wálẹ̀. Ó dá mi mọ̀.

"Àáfà, wọ́n ní mo sùn sí etí gọ́tà Adéwọlé."

"O jókòó ni. O ò sùn."

"Ó dáa. Tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi bá bi ọ́, sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn."

Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Àtọ̀gbẹ, oògùn, opó tí mò ń fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí, kọ́tìnì, ife omi méjì tí mo mu ní kíṣíìnì kó tó dé. N kò lè wojú rẹ̀. Okùn omi tó wọ apá rẹ̀ ni mò ń wò. Ó yí orí rẹ̀ sí mi lórí ìrọ̀rí.

"Ìyẹn ni pé," ló wí, "èmi Kìrìsítẹ́nì ni mò ń bá ẹ gba ààwẹ̀ ẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìwọ ń mu omi nílé, èmi ń gba ààwẹ̀ lójú títì. Àáfà! Láádá rẹ̀ ńkọ́? Ta ló ni ín?"

"Ìwọ lo ni ín."

"Má jẹ́ kí pásítọ̀ mi gbọ́." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó dùn ún láyà, ó dáwọ́ dúró. Ó wá di ọwọ́ mi mú. "O ò bá ti sọ fún mi. Kí lo rò pé mo máa fi ṣe?"

Títí di òní, n kò mọ ohun tí mo rò pé ó máa fi ṣe.

Ọmọbìnrin rẹ̀ dé láti Abuja lọ́jọ́ kejì. Ó kí mi dáadáa, ó kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pinnu. "Bàbá, ẹ ṣeun, àmọ́ n kò lè fi wọ́n sílẹ̀ níbí mọ́." Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ti ti yàrá rẹ̀ ní Tanke, wọ́n fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábẹ́ alábòójútó kan, Píríǹsípà sì bá ọmọ rẹ̀ lọ sí Abuja. Kò bínú sí mi. Ì bá tiẹ̀ rọrùn fún mi bó bá bínú.

Agogo mẹ́fà àárọ̀ ni mò ń jáde báyìí, kí oòrùn tó là. Mo ti ra ike omi kan, mo sì ń mu ún lójú títì, bí oṣù ààwẹ̀ tilẹ̀ dé. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan tó ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ tẹjú mọ́ mi. Mo sọ fún un pé ara mi kò yá, mo sì kí i. Ó dáhùn, ó kọjá lọ. Gbogbo rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nínú àwa mẹ́fà, Oníṣirò kú sójú oorun. Dókítà ẹranko kú ní oko rẹ̀, láàárín àwọn màlúù. Adájọ́ kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹnjiníà wà láàyè, ó wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní òkè òkun, ṣùgbọ́n wọ́n ní kò rántí ẹnikẹ́ni mọ́. Píríǹsípà wà láàyè, ó sì ń pè mí ní alẹ́ Sátidé. Èmi náà wà.