Ọkọ Orí Ìtàgé Tó Dọ̀bálẹ̀ fún Mi

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fọ́nnu díẹ̀, ó tọ́ sí mi. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà tí mo wọ ẹgbẹ́ eléré tó ń lọ láti ìlú dé ìlú, nígbà tí àwọn obìnrin tó ń gorí ìtàgé ò pọ̀ rárá. Orin àti ẹ̀fẹ̀ niṣẹ́ mi. Mo lè fi orin bú ọkọ títí àwọn èèyàn á fi máa di ikùn mú. Ogún ọdún àti díẹ̀ ni mo fi ṣe é.

Ọmọbìnrin mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló mú mi wá sí Atlanta ní Amẹ́ríkà, ilé rẹ̀ ní Fairburn, lẹ́bàá ibẹ̀, ni mò ń gbé. Ó ń tọ́jú mi, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ tí ẹnikẹ́ni bá bi í léèrè iṣẹ́ tí mo ṣe ní Nàìjíríà, á ní, "Mummy ti retire," á sì yí ọ̀rọ̀ padà. Nígbà tó wà ní kékeré, wọ́n máa ń fi ọmọ oní-tíátà bú u níléèwé, á sì sunkún wálé. Mo mọ̀. Síbẹ̀ ó ń dùn mí dé egungun.

Lọ́dún tó kọjá, ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Jonesboro fẹ́ ṣe eré olórin kan tó ń pani lẹ́rìn-ín, nípa tọkọtaya tó ń jà nítorí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Wọ́n yí shift ẹni tó fẹ́ ṣe ìyàwó padà níbi iṣẹ́ rẹ̀, kò lè wá mọ́. Mo bá nawọ́ sókè. Nínú mọ́tò, ọmọ mi ní, "Mummy, ẹ jọ̀ọ́. Tí wọ́n bá fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, mi ò lè wọ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn mọ́."

Mo ní, "Wá wò mí ná."

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, ni wọ́n fi ṣe ọkọ mi. Ìyá rẹ̀ kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ ilé dáadáa, ìyẹn gan-an ni wàhálà. Kó tó pariwo mọ́ mi, á kọ́kọ́ ní, "Grandma, ẹ má bínú o." Inú ìwé ló sì ti há gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí. Nígbà tiwa, kò sí ìwé. Ọ̀gá á sọ ìtàn, kálukú á wá ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá sọnù mọ́ ẹnìkan lẹ́nu, ẹlòmíì á dá orin, á fi bò ó. Mo sọ fún un pé, "Ìyàwó rẹ ni mí lórí ìtàgé. Fojú burúkú wò mí."

Ó ní, "Yes ma."

Ọ̀sán Sátidé la ṣe é. Gbọ̀ngàn kún. Ọmọ mi jókòó níwájú, ó di báàgì rẹ̀ mú bí ẹni tó fẹ́ sá. Mo jó wọlé. Ó yẹ kí ọkọ mi bú mọ́ mi pé, "Ibo lo ti ń bọ̀?" Ó rí mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ káàsán ma."

Ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Ó ti mọ ohun tó ṣe, kò lè dìde. Ọmọ mi fọwọ́ bojú. Inú bí mi, kì í ṣe sí ọmọkùnrin náà o, sí ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Mo fọwọ́ ti ìbàdí, mo dá orin:

"Ọkọ mi jẹ̀bi, òun náà mọ̀,
Ẹ wò ó nílẹ̀ bí ẹní!
Kò ní dìde, kò ní jókòó,
Àfi tó bá yọ kọ́kọ́rọ́ mi jáde!"

Àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì gbè é. Ọkọ mi ò gbórí sókè, ó kàn ki ọwọ́ bọ àpò, ó na kọ́kọ́rọ́ sókè. Ẹ̀rín bú yàà! Bó ṣe dìde báyìí, ara rẹ̀ ti gbóná. Ó jágbe mọ́ mi débi pé ìyá rẹ̀ dìde lórí ìjókòó, ó fẹ́ bá a wí. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Mo ṣe é, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ṣe é dáadáa.

Nígbà tá a parí, obìnrin kan tó wá láti Douglasville bi ọmọ mi pé, "Ta ló kọ́ màmá yìí?" Ẹ̀yìn wọn ni mo wà, mò ń retí "Mummy ti retire" tó máa ń sọ.

Ọmọ mi nu ojú. "Iṣẹ́ wọn ni, ma. Oní-tíátà ni màmá mi. Iṣẹ́ yẹn ni wọ́n ṣe tí wọ́n fi rán mi lọ síléèwé."

Ó sọ ọ́ sókè, gbogbo ẹni tó wà nítòsí ló gbọ́.