Àpò Ìwé Ràfíátù Ṣì Wà Lọ́dọ̀ Mi

Inú ń bí mi débi pé mi ò lè jókòó.

Láàárọ̀ yìí, ẹ̀gbọ́n bàbá Ràfíátù wá mú un ní kíláàsì mi. Ìyàwó ọmọ wọn bímọ ní Kpankou, wọ́n ní kí Ràfíátù lọ máa bá a pọn ọmọ. Ilé ẹbí kẹta rèé láàárín ọdún kan, ilé ìwé kẹta!

Mo ní, "Bàbá, ìdánwò CEP tó máa fi jáde alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Wọ́n ní, "Madáàmù, ọmọ gbogbo wa ni. Ilé ìwé wà ní Kpankou náà."

"Kíláàsì wo ni Ràfíátù wà báyìí?"

Bàbá yíjú sí ọmọ. Wọn ò mọ kíláàsì tó wà.

Ìgbà tí wọ́n lọ tán ni mo rí àpò ìwé rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ǹṣì. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní, "Ó ní ká má fọwọ́ kàn án, òun ń padà bọ̀."

Tí mo bá gbé e lọ fún un, ṣé kì í ṣe pé èmi náà ti gbà kí wọ́n mú un lọ nìyẹn? Ẹ dá mi lóhùn.