Àìróorunsùn Mi Gboyè Ní Ṣọ́ọ̀ṣì

Ẹ gbà mí o, ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Òkè-Ọ̀pin ti fi mí jẹ Ìyá Ìṣọ́-Òru láàárọ̀ yìí!

Ó ti lé lóṣù kan tí mi ò ti rí oorun sùn. Nọ́ọ̀sì tó wà ní Ararọ̀mí ní kí n má mu tíì lálẹ́ mọ́, kí n sì máa tètè pa àtùpà. Mo pa á, ojú mi ò pa dé. Ni mo bá ń tàn án padà, mo ń fi máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi.

Àṣé àwọn aládùúgbò ń wo iná mi.

Wòlíì dìde lónìí, ó ní, "Tíṣà wa kì í sùn. Àdúrà ni wọ́n ń gbà fún ìlú yìí."

Mo ní, "Bàbá, àìsàn ni o."

Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní mo mà nírẹ̀lẹ̀.

Wòlíì fi mí joyè náà lójú ẹsẹ̀, mo bá kúnlẹ̀ kí wọ́n gbàdúrà fún mi. Àdúrà yẹn gùn. Bí mo ṣe dijú báyìí, oorun gbé mi lọ, oorun gidi!

Kí n tó gbádùn ẹ̀, wọ́n ti ń lu agogo sí mi létí: "Ẹ̀mí ti gbé Ìyá lọ! Ìyá, kí lẹ rí?"

Mo ní kí wọ́n fún mi láyè díẹ̀. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ nílé mi nírọ̀lẹ́ yìí wá gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí ni kí n sọ pé mo rí?