Pátákó Bàbá Ìlú Ọba

Ọdún méjìlélógún gbáko ni Frederick Bọ́dúnrìn fi ń di bisikíìtì sínú páálí ní ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Wẹ́lífọ́ọ̀dù, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí òun àti Matilda ìyàwó rẹ̀ padà sí Ìjẹ̀bú-Òde lọ́dún 1983, àwọn ará àdúgbò rò pé ọ̀rọ̀ bisikíìtì ni àwọn yóò máa gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Kò dárúkọ bisikíìtì rí. Ọ̀rọ̀ olè ni tirẹ̀, tàbí ká kúkú wí pé ọ̀rọ̀ àìsí olè.

"Ní Wẹ́lífọ́ọ̀dù," báyìí ló máa ń bẹ̀rẹ̀ bó bá ti gbé àga jáde síwájú ilé, "ẹni tó ń ta wàrà á gbé ìgò wàrà sẹ́nu ọ̀nà rẹ láàárọ̀ kùtù. Wàá sùn títí oòrùn á fi yọ. Wàá jáde, wàá bá wàrà rẹ níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn án."

Àsíátù, ìyá Fàtímọ̀, tó ń ta gàrí lódìkejì ọ̀nà, ló dá a lóhùn lọ́jọ́ kan. "Bàbá Ìlú Ọba, ṣé ewúrẹ́ ò sí lọ́hùn-ún ni? Bí mo bá gbé wàrà sílẹ̀ níbí, kí olè tó jí, ewúrẹ́ á ti dà á nù."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, àfi Frederick. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò sì sí bí oòrùn ṣe lè mú tó kó má wọ ìbọ̀sẹ̀. Ó máa ń wo àwọn aládùúgbò rẹ̀ bí olùkọ́ ṣe ń wo kíláàsì tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà le ni Edith. Opó òyìnbó ni Edith, òun ló ni ilé tí Frederick àti Matilda gbé ní Wẹ́lífọ́ọ̀dù. Oṣooṣù ló ń fi ìwé ìròyìn ìlú náà ránṣẹ́ sí wọn. Ojú ewé kan wà níbẹ̀ tí ọlọ́pàá ti ń to gbogbo ìwà ọ̀daràn ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ́sẹẹsẹ: kẹ̀kẹ́ kan sọnù lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnì kan tọ̀ sára ògiri báńkì, wọ́n ju òkúta lu fèrèsé ilé ìwé. Ó tán. Frederick a máa kà á sókè fún àdúgbò bí ẹni ń ka ẹ̀kọ́ kejì nínú ìsìn òwúrọ̀.

"Mẹ́ta! Nínú odindi ìlú! Ẹ̀yin, ẹ lè sọ iye tiyín?"

Kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́, nítorí kò sẹ́ni tó kà á rí.

Kì í ṣe pé ẹ̀rù ò ba àwọn èèyàn o. Ìgbà náà ni ìròyìn adigunjalè gba gbogbo ìgboro, tí ẹni tó bá ní mọ́tò ń ri àfọ́kù ìgò mọ́ orí ògiri ọgbà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ládùúgbò yìí, ohun tó burú jù tí wọ́n rántí ni ọkùnrin àjèjì kan tó wá ń ká aṣọ lórí okùn lọ́sàn-án gangan. Àsíátù ló bi í pé, "Ọmọ ta ni ọ́, ta lo wá kí?" Ọkùnrin náà ju aṣọ sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Lọ́dún 1985, Frederick kà nínú ìwé Edith pé àwọn ará Wẹ́lífọ́ọ̀dù ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti máa ṣọ́ àdúgbò wọn fúnra wọn. Ó pe ìpàdé lọ́jọ́ kejì. Ìjọba ológun ń kọ́ gbogbo ayé nígbà náà bí wọ́n ṣe ń tò sórí ìlà, nítorí náà àwọn èèyàn rò pé àṣẹ láti òkè ni. Wọ́n wá. Wọ́n tiẹ̀ tò.

Frederick gbé ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle kan síwájú wọn, ó ti fi rúlà fa ìlà sí i: nọ́ńbà, ọjọ́, ẹ̀ṣẹ̀, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, ẹni tí a fura sí. "Ohun tí èèyàn ò bá kà, kò lè ṣọ́ ọ," ó ní. "Ohunkóhun tí wọ́n bá ṣe fún yín, ẹ wá sọ, kí n kọ ọ́."

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹyọ kan péré ló wọlé: adìyẹ kan sọnù. Adìyẹ náà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wálé ní ọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n Frederick ní ohun tí a ti kọ, a ti kọ ọ́ ná. Nígbà tí àwọn èèyàn rí i pé bàbá arúgbó tó gbé Ìlú Ọba yóò jókòó, yóò fi awò sójú, yóò sì kọ àròyé wọn sílẹ̀ láìjá wọn lẹ́nu, ìwé náà dùn mọ́ wọn. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ kì í gbọ́ tirẹ̀ ń wá. Ẹni tó ti bá alájọgbé rẹ̀ yan odì láti ọdún mẹ́rin ń wá. Nọ́ńbà karùn-ún: òbúkọ wọlé onílé láìgbàṣẹ, ó jẹ èlùbọ́. Nọ́ńbà kọkànlá: Gilbert télọ̀ rán ṣòkòtò, ẹsẹ̀ kan gùn ju èkejì. Nọ́ńbà kẹtàdínlógún: wọ́n wo ìyàwó ẹnì kan láti òkè délẹ̀. Nọ́ńbà kẹtàlélógún, Frederick fúnra rẹ̀ ló fi sùn: Àsíátù ń bi gbogbo ẹni tó bá ń kọjá pé níbo ni wọ́n ti ń bọ̀, níbo ni wọ́n ń lọ, ta ni wọ́n wá kí. Ní Wẹ́lífọ́ọ̀dù, ẹnikẹ́ni kì í da ẹnikẹ́ni láàmú bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí oṣù parí, ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Mẹ́tàdínláàádọ́ta.

Inú rẹ̀ dùn, bí ẹni tó ti ń sọ fún dókítà pé ara òun ò yá tí dókítà sì wá rí àìsàn náà. Ó bẹ ẹnì kan tó ń kọ pátákó lọ́wẹ̀, wọ́n sì ri pátákó funfun gàgàrà mọ́ ẹnu ọ̀nà àdúgbò, ó kọjú sí títì. Ohun tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ síbẹ̀ nìyí: ÌWÀ Ọ̀DARÀN LÁDÙÚGBÒ YÌÍ LÓṢÙ TÓ KỌJÁ: 47. Ẹ ṢỌ́RA.

"Bàbá Olúyọmí," Matilda wí fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ṣé ẹ ò rí i pé ẹni tó bá ń kọjá á rò pé ilé olè nibí?"

"Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé a ti lajú," Frederick dáhùn.

Ọlọ́pàá kan tó ń kọjá lórí kẹ̀kẹ́ dúró, ó kà á, ó ṣí fìlà fún Frederick. "Bàbá, gbogbo téṣàn wa lápapọ̀, mọ́kàndínlógún la kọ lóṣù tó kọjá. Ẹ ti borí wa." Frederick kà á sí oríyìn, ó sì sọ ọ́ kiri.

Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń kiri búrẹ́dì kò wọ àdúgbò mọ́. Etí títì ló ti ń pariwo, ẹni tó bá fẹ́ rà á rìn lọ bá a. Àwọn onítakisí ní àwọn á já èrò síbi pátákó. Ayálégbé kan tó ti sanwó yàrá wá kó ẹrù rẹ̀ lọ kó tó tú u.

Ọ̀rọ̀ wá délé Àsíátù. Fàtímọ̀ ọmọ rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ti rí ọkọ. Adélékè lorúkọ rẹ̀, ará Ayépé ni, èèyàn jẹ́jẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ni bàbá rẹ̀, Àlàájì Mọ́rúfù, fẹ́ kó àwọn ẹbí wá mú ọjọ́ yìgì. Láti ìdájí ni Àsíátù ti ń rin iṣu ewùrà fún ìkókoré. Ó gbálẹ̀ títí dé iwájú ilé ẹlòmíràn. Ní bí aago mẹ́wàá, ó rí mọ́tò wọn lókèèrè. Mọ́tò náà yà, ó dúró níbi pátákó. Àlàájì yọ orí jáde, ó kà á. Ó fi awò sójú, ó tún un kà. Mọ́tò náà bá fi ẹ̀yìn rìn padà sójú títì, ó di Ayépé.

Àsíátù kò pariwo. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó sọdá, ó bá Frederick níbi tó ti ń mu tíì.

"Ẹ gbé ìwé yẹn wá," ó ní. "Ẹ kọ méjìdínláàádọ́ta síbẹ̀. Wọ́n jí ọkọ ọmọ Àsíátù gbé, lójú ọ̀sán. Ibi tẹ́ ẹ ti máa ń kọ ẹni tí a fura sí, ẹ kọ orúkọ yín."

Ó padà sílé rẹ̀. Tíì tutù sílẹ̀ níwájú Frederick. Kò kọ nǹkan kan.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni lẹ́tà Edith dé, kò sí ìwé ìròyìn nínú rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Edith kọ ọ́ pé òun ṣubú, wọ́n gbé òun lọ sí ọsibítù, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni òun lò níbẹ̀. Àwọn olè já ilẹ̀kùn, wọ́n kó aago ara ògiri, òrùka ìgbéyàwó òun, àti àwọn àmì ẹ̀yẹ ọkọ òun tó lọ sójú ogun. Ilẹ̀kùn náà wà ní ṣíṣí gbayawu fún gbogbo ọjọ́ mẹ́sàn-án náà. Àwọn aládùúgbò rí i. Wọ́n rò pé kò kan àwọn. Nígbà tí ọlọ́pàá dé, ó fi sùúrù bi òun bóyá òun ò lè sọ pé àwọn nǹkan náà kàn sọnù ni, nítorí ìlú náà wà nínú ìdíje ìlú tó láàbò jù lágbègbè wọn, nọ́ńbà wọn sì dára gan-an lọ́dún yìí. Edith ní àárẹ̀ ò jẹ́ kí òun lè jiyàn. Ìlà tó kẹ́yìn ni pé: "Frederick, ṣé àwọn ará ibẹ̀ máa ń yà wò yín?"

Frederick ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó rántí ìgbà tí ibà dá Matilda dùbúlẹ̀: kí òun tó mọ̀ pé ara rẹ̀ gbóná, Àsíátù ti gbé àgbo sórí iná, ó ti bi í ní ìbéèrè mọ́kànlá. Ojú tì í. Kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìyẹn sínú ìwé.

Ní ọjọ́ Ajé, òun àti Matilda wọ mọ́tò lọ sí Ayépé. Ó gbé ìwé ńlá náà sábẹ́ apá. Akọ̀wé kóòtù ni Àlàájì Mọ́rúfù kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì tíì bọ́ nínú ìwà rẹ̀: ó gba ìwé náà, ó fi ìka kan itọ́, ó bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé àkọ́kọ́.

"Òbúkọ wọlé onílé," ó kà. Ó gbójú sókè. "Ṣé wọ́n mú un?"

"Mú ta ni, Àlàájì?"

"Òbúkọ."

"Rárá, sà."

"Ó ṣì wà níta?"

"Ó... ó wà nídìí okùn rẹ̀, sà."

Àlàájì mi orí, ó ń kà á lọ. Nígbà tó dé ibi ṣòkòtò Gilbert, ẹ̀rín ti ń gbọn èjìká rẹ̀. Nígbà tó dé nọ́ńbà kẹtàlélógún, ó fi ìka dúró lórí ìlà náà.

"Ta ló fi ìyá yìí sùn?"

"Èmi ni, sà," Frederick dáhùn, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

Àlàájì pa ìwé náà dé. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ ẹjọ́. Mo mọ ìwé olè bí mo bá rí i. Kò sí olè kan ṣoṣo nínú èyí. Aláròyé ló kún un fọ́fọ́. Ìyá tó ń bi gbogbo ẹni tó ń kọjá léèrè, ṣé òun náà lẹ pè lọ́daràn? Irú àna tí mò ń wá fún ọmọ mi gan-an nìyẹn." Ó nu ojú rẹ̀. "Ẹ lọ ká pátákó yẹn kúrò. A ó wá lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ sọ fún ìyá pé kó má jẹ̀ẹ́ kí ìkókoré tutù."

Ọwọ́ ara rẹ̀ ni Frederick fi hú pátákó náà. Lóṣù kejì, wọ́n so yìgì Fàtímọ̀ àti Adélékè nínú mọ́sálásí, àwọn ará Ayépé kún ibẹ̀ bámúbámú. Ẹ̀gbẹ́ Àlàájì ni wọ́n fi Frederick sí, Kìrìsìtẹ́nì láàárín àwọn mùsùlùmí, ó wọ ẹ̀wù kóòtù, ó ń ṣe àmín níbi tí kò yẹ. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà bí gbogbo èèyàn ti ṣe. Bàtà aláwọ̀ búráwùn ni, awọ gidi, Wẹ́lífọ́ọ̀dù ló ti rà á.

Nígbà tí wọ́n jáde, bàtà gbogbo èèyàn wà níbẹ̀. Tirẹ̀ ò sí.

Ó yí po lẹ́ẹ̀kan. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ àga. Àlàájì Mọ́rúfù dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú àwọn àgbààgbà Ayépé.

"Bàbá, bàtà yín ńkọ́?"

Àsíátù, tó wà láàárín àwọn obìnrin, dá ọwọ́ dúró lórí gèlè rẹ̀, ó ń wò ó. Ìyàwó tuntun náà ń wò ó. Frederick wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nínú ìbọ̀sẹ̀ aláwọ̀ eérú, ó sì na ẹ̀yìn rẹ̀.

"Bàtà kẹ̀?" ó ní. "Ooru ti pọ̀ jù. Mo ti ní kí wọ́n gbé e lọ sílé."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," Àlàájì wí, "ooru mú lóòótọ́."

Oòrùn ọ̀sán ti yọ́ ọ̀dà ojú títì. Frederick fi ìbọ̀sẹ̀ rìn ín délé, ó ń kí gbogbo ẹni tó bá pàdé, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Matilda ò sọ nǹkan kan títí wọ́n fi wọlé tí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn.

"Àwọn wo lẹ ní kí wọ́n gbé bàtà lọ sílé, Bàbá Olúyọmí?"

"Matilda," Frederick wí, ó rọra jókòó, "jọ̀ọ́, bá mi bomi tútù sínú bàsíà."

Matilda gbé omi àti kẹrosíìnì wá, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi kẹrosíìnì bó ìbọ̀sẹ̀ tí ọ̀dà ti lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ Frederick kúrò díẹ̀díẹ̀.