Kọ́bọ́ọ̀dù Tí Mujeebat Kàn fún Àbúrò Rẹ̀

Lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ni Mujeebat ti kọ́ṣẹ́ káfíńtà ní Bẹyẹrúnkà, ó sì ti lé lógún ọdún tó ti ń fi ayùn jẹun. Lọ́dún tó kọjá, Karimat àbúrò rẹ̀ sá wá bá a láti ilé ọkọ ní Òjé, ojú rẹ̀ wú, ẹrù aṣọ ńlá méjì wà lórí rẹ̀. Gàfárù ọkọ rẹ̀ ló lù ú. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́.

Yàrá kan ṣoṣo ni Mujeebat ní. Ògiri amọ̀ àtijọ́ ni, kì í gba ìṣó, òrùlé sì ń jò níbi tó bá wù ú. Ló bá ní òun á kan kọ́bọ́ọ̀dù tí aṣọ Karimat máa gbà, táyà kéékèèké mẹ́rin á wà nídìí rẹ̀, kí wọ́n lè máa tì í kúrò níbi tí òjò bá ti ń kán. Pákó tó ki ló rà. Karimat ló ń bá a di pákó mú bó ṣe ń rẹ́ ẹ, ẹnu iṣẹ́ yẹn ló sì ti kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín láti ìgbà tó ti dé.

Lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n kàn án tán, lẹ́yìn ìrun Àílà ọ̀sán, wọ́n ń to aṣọ sínú rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí Gàfárù wọ agbo ilé tòun tàdá. Àtọ́kẹ́, obìnrin ilé tó ń fọṣọ lójúde, ní kó ṣe sùúrù. Gàfárù fi pẹlẹbẹ àdá gbá a létí, ẹ̀jẹ̀ sì bo obìnrin náà lójú. Igbe rẹ̀ ni Mujeebat gbọ́ tó fi ti ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré ni Gàfárù ta ilẹ̀kùn nípàá tó fi já.

Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò bá yí kọ́bọ́ọ̀dù dí ẹnu ọ̀nà. Táyà tó gbé e débẹ̀ kíá náà ló tún ń yí padà bí ọkùnrin náà ṣe ń tì í, àfìgbà tí Karimat ki àjẹkù pákó sábẹ́ wọn.

Láti ọjọ́ ìgbéyàwó ni Gàfárù ti ń pe Mujeebat ní Àǹtí. Lọ́jọ́ yẹn, ó gbé ọ̀wọ̀ tì. “Yọ ìyàwó mi síta fún mi, Mujeebat, àbí òkú ẹ̀yin méjèèjì ni wọ́n máa gbé.”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá pákó. Nígbà tí ihò là, ó ti àdá wọlé, ó sì ya Mujeebat lápá láti èjìká dé ìgúnpá. Mujeebat gbé òòlù, ó là á mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́. Eegun ró. Àdá bọ́ sílẹ̀. Apá ọkùnrin náà há sínú ihò, Mujeebat tún là á lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbà tó nàgà fún ẹ̀kẹta ni Karimat dì mọ́ ọn.

Karimat ní, “Ó tó, Àǹtí mi. Ẹ jẹ́ kó mẹ́mìí lọ.”

Àwọn ọkùnrin agbo ilé fa Gàfárù yọ, wọ́n lù ú bí ẹni lu bàrà, kí wọ́n tó wọ́ ọ lọ bá ọlọ́pàá. Ojú mọ́kànlá ni wọ́n rán apá Mujeebat. Ṣùgbọ́n ọgbẹ́ kọ́ ló ń dùn ún jù, lílà ẹlẹ́ẹ̀kejì ni, nítorí ó mọ̀ pé àdá ti bọ́ sílẹ̀ kóun tó là á.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyá Gàfárù wá kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí wọ́n má jẹ́ kí ẹjọ́ náà dé kóòtù. Karimat fa ìyá náà dìde, ó sì jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀ tán.

Karimat ní, “Ìyá, ẹ̀yin lẹ fi omi gbígbóná tẹ ojú mi tó wú lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ lù mí. Ọjọ́ yẹn ló yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀bẹ̀.”

Ìyá náà ká ìborùn rẹ̀, ó sì gba ọ̀nà Òjé lọ.