Oṣù Tí Wọ́n Kọ Sínú Káàdì Ọmọ Mi

Mo ń fún ọmú sínú ife nígbà tí nọ́ọ̀sì yọjú sí mi. "Ìyá ọmọ, ẹ máa bọ̀. Ọmọ yín ń gbàgbé láti mí."

Mi ò mọ̀ pé èèyàn ń gbàgbé láti mí. Ọjọ́ kejì tí mo bí i ni. Kòkó ni mo ń sá nílé wa ní Ìpótì kí orí tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi. Ojú mi ń ṣe bàìbàì, ẹsẹ̀ mi ti wú débi pé bàtà ò wọ̀ ọ́ mọ́. Mo rò pé oòrùn ni. Gìrì aboyún ló ń bọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń fà á; ó gbé mi ṣubú. Bí ẹ bá lóyún tí ẹ rí irú rẹ̀, ẹ má di ẹ̀bi ru oòrùn. Ìgbà tí mo máa lajú, ọsibítù ni mo wà, wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, ọmọ sì wà nínú bẹ́ẹ̀dì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bíi ti àwọn ọmọ yòókù.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ọmọ, dókítà bi mí pé oyún oṣù mélòó ni.

"Méje."

Ó wo káàdì. "Mẹ́sàn-án ló wà níbí."

Màmá, ìyá ọkọ mi, ló gbé mi wá. Òun ni wọ́n bi nígbà tí mi ò lè sọ̀rọ̀. "Mo ní ó ti pé," ló wí. "N'úlé wa, a kì í ka oṣù oyún létí àlejò. Ṣé kí n fi ẹnu ara mi sọ pé kò pé ni?"

"Màmá, ṣé dókítà náà ni àlejò?"

"Ta ni mo mọ̀ níbẹ̀?"

Àdúrà ni Màmá fi "ó ti pé" gbà, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ìdáhùn. Ẹni tó kọ ọ́ náà lójú. Ó rí ọwọ́ ọmọ tó rí bí igi ìṣáná. Nígbà tí mo jí, kò sẹ́ni tó tún bi mí, àfi ìgbà tí ọmọ ti ń gbàgbé láti mí.

Ọpọlọ ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kò tíì gbó tó láti máa rán àyà létí. Á mí, á dákẹ́. Bí ẹ bá fi ìka ra á ní àtẹ́lẹsẹ̀, á tún mí. Wọ́n gbé e sínú àpótí onígíláàsì tó ń móoru, wọ́n ń fún un lóògùn. Èmi àti Màmá jókòó sórí bẹ́ńṣì kan náà níta, òun ní ìpẹ̀kun kan, èmi ní ìkejì. Nígbà tó yá, wọ́n so ó mọ́ mi láyà, ara kan ara. Bó bá ti dákẹ́, ìka mi á lọ sí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe títí tí kò fi dákẹ́ mọ́.

Màmá jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé àdúrà òun ló gbà á. Kò sì sẹ́ni tó tún káàdì náà ṣe. Níbi abẹ́rẹ́ àjẹsára, nọ́ọ̀sì kan jágbe mọ́ mi: "Ọmọ oṣù mẹ́fà tí kò tíì lè jókòó? Kí lẹ ń fún un jẹ?" Mo ní kí ó yọ oṣù méjì tí kò lò nínú mi kúrò kí ó tó dá a lẹ́jọ́. Káàdì ló ń wò, kò wò mí.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àyà kékeré yẹn náà, tó ń dákẹ́ tó sì ń padà. Ìyókù ṣì ń dùn mí.

Nígbà tí a ti ibi abẹ́rẹ́ délé, mo wẹ̀ ẹ́, mo di àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ mú, mo sì bá a sọ̀rọ̀ sókè kí ó lè dé pálọ̀ tí Màmá jókòó sí: "O ò lọ́ra, ọmọ mi. Oṣù méje ni mo bí ọ. Ẹni tó bá bi ọ́, méje ni kí o sọ fún un."