Ìwé Panápaná Tí Mo Buwọ́ Lù ní Sókótó

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, kí ogun abẹ́lé tó dé, ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ ní Sókótó. Akọ̀wé ni mí ní ẹ̀ka iṣẹ́ òde ti ìjọba ìbílẹ̀, èmi náà sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ẹnu mi mú bí abẹ nígbà náà. N kò gbà pé ọ̀gá kankan gbọ́n jù mí lọ.

Ìjọba àpapọ̀ fi ìrànwọ́ ránṣẹ́ sí wa kí iná ìgbà ọyẹ́ má baà tún jó àdúgbò run. Wọ́n kó ẹ̀rọ panápaná kan wá, pẹ̀lú garawa yanrìn tí a ó gbé sí ilé kọ̀ọ̀kan ní Gidan Igwai, níbi tí òrùlé koríko pọ̀ sí. Ṣùgbọ́n ìrànwọ́ náà ní àdéhùn. Àwọn panápaná gbọ́dọ̀ kọ́ṣẹ́, gbogbo agboolé gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń fi yanrìn pa iná, kí ọ̀gá wa àti aṣojú òṣìṣẹ́ sì jọ buwọ́ lùwé pé a ti ṣe é. Bí kò bá sí ìwé, wọn yóò kó ẹ̀rọ wọn padà.

Kò tíì sẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ tí ọ̀gá wa fi gbé ìwé náà síwájú mi.

"Malam Àkàndé, buwọ́ lù ú. A ó máa ṣe ìyókù díẹ̀díẹ̀."

"Ọ̀gá, àwọn tí ẹ kọ orúkọ wọn sí panápaná yìí, agbálẹ̀ ni wọ́n lánàá. Wọn ò ní bàtà. Ṣé ẹsẹ̀ lásán ni wọn ó fi wọnú iná?"

"To! Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́?"

Ọ̀rẹ́ mi Garba ni wọ́n fi ṣe olórí àwọn panápaná. Gidan Igwai lòun àti Delu ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Hausa la jọ máa ń sọ. Lọ́jọ́ náà ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní, "Wallahi, bí ilé kan bá jó, orúkọ mi ni wọn ó bá nínú ìwé."

La bá yanṣẹ́ lódì. Ọjọ́ mẹ́jọ la fi jókòó sábẹ́ igi dongoyárò iwájú ọ́fíìsì. Mo dìde, mo ní wọ́n ń sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, ṣùgbọ́n ilé tálákà tó bá jó, eérú ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Ojoojúmọ́ ni Delu ń fi túwó ránṣẹ́ sí wa, bẹ́ẹ̀ n kò rí ojú rẹ̀ rí, torí ẹlẹ́hàá ni.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ọ̀gá gbà. Bàtà dé, olùkọ́ dé. Gbogbo baálé Gidan Igwai péjọ sí pápá, wọ́n da yanrìn sí iná, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Mo buwọ́ lùwé tayọ̀tayọ̀.

Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi, tó jẹ́ tíṣà, bi mí pé, "Bàbá Fúnmi, àwọn obìnrin ń kọ́?"

"Àwọn ọkọ wọn á sọ fún wọn."

"A kì í fá orí lẹ́yìn olórí o."

"Tíṣà, ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀!" Mo rẹ́rìn-ín, mo wọlé lọ jẹun.

Kò pé oṣù méjì, iná sọ ní ilé ìdáná Garba lọ́sàn-án gangan. Garba fúnra rẹ̀ wà ní òdìkejì ìlú. Àwọn panápaná rẹ̀ tètè dé, ṣùgbọ́n inú zaure, yàrá àbáwọlé tí àlejò ọkùnrin kì í kọjá, ni wọ́n dúró sí. Wọ́n ń ké "Salama alaikum!" pé kí àwọn obìnrin fara pamọ́ kí àwọn lè wọlé. Garawa yanrìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn níbẹ̀. Nínú lọ́hùn-ún, ọwọ́ ni Delu fi ń fa koríko tó ń jó kúrò lórí yàrá tí ọmọ rẹ̀ sùn sí.

Ọmọ yè. Ṣùgbọ́n iná bó Delu lọ́wọ́, ìka rẹ̀ sì ká kò. Fìlà ló máa ń fi abẹ́rẹ́ ṣe ọnà sí, tí wọ́n ń bá a tà lọ́jà. Kò tún di abẹ́rẹ́ mú mọ́.

Èmi àti ìyàwó mi lọ kí i. Ó bá mi sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé.

"Malam Àkàndé, ẹ kú ìrìn. Mo mọ̀ pé garawa wà ní zaure. Mo rò pé tàwọn ọkùnrin ni. Ta ló sọ fún mi?"

Garba kò gbójú sókè. Mo sunkún níbẹ̀, ojú sì tì mí.

Ìyàwó mi àti nọ́ọ̀sì kan ló wá ń lọ láti ilé dé ilé, tí wọ́n ń kọ́ àwọn obìnrin, tí wọ́n sì ń gbé garawa lọ sí ìdí àdògán. Wọn kò yanṣẹ́ lódì, kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ fún wọn. Èmi kọ̀wé sí ìjọba àpapọ̀ pé kí wọ́n tún ìwé àkọ́kọ́ ṣe, torí a kò kọ́ àwọn obìnrin. Èsì tó wá ni pé ìwé náà pé, wọ́n ti pa fáìlì dé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, a jèrè bàtà, a jèrè ẹ̀kọ́, ọ̀gá sì mọ̀ pé òṣìṣẹ́ kì í ṣe ẹrú. N kò kábàámọ̀ ọjọ́ mẹ́jọ yẹn. Ṣùgbọ́n àwọn tó lè bá wa jókòó sábẹ́ igi nìkan la jà fún. Delu ti kú báyìí. Nínú ìwé ìjọba, ó mọ bí a ti ń fi yanrìn pa iná. Èmi ni mo buwọ́ lù ú.